Eérú Kò Tíì Balẹ̀

Èmi ni mo máa ń fa ilà pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Kétu.
Eérú ni mo fi ń fà á, eérú inú àdògán ìyàwó mi,
tí mo fi asẹ́ jọ̀ kí èédú má bàa dà pọ̀ mọ́ ọn.
Àwọn ọmọdé ń pè mí ní Bàbá Eléérú. N kò bínú.
Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀,
mo mọ bọ́ọ̀lù wa bí mo ṣe mọ ikọ́ àyà mi.

Bọ́ọ̀lù wa, bọ́ọ̀lù ilẹ̀kùn ni.
Ìlú tó ni Àkàbà Ìdẹ̀nà,
kí ni kó tún mọ̀ ọ́n ṣe bí kò ṣe kó tì í gbọin?
Ọmọ mẹ́sàn-án á tò sẹ́yìn bí ìgànná,
ẹnì kan á dá dúró níwájú bí olè tó ń retí òkùnkùn.
Òdo sí òdo. A lọ sílé, a jẹun, a sùn.
Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀meje ni òdo pàdé òdo níbí,
tí ewúrẹ́ Músíbáù sùn sórí ilà mi,
tí ẹnikẹ́ni kò rí ìdí tí a ó fi jí i.

Ni Ìyáàfin Odúnlámì bá ti Àjàṣẹ́ dé,
olùkọ́ ìṣirò, obìnrin kúkurú, aago ńlá lọ́rùn ọwọ́.
Ó ní òkú ta ni ẹ ń sin, tí ẹ fi ń rìn báyìí?
Ó ní bọ́ọ̀lù kì í ṣe ọmọ tuntun, ẹ yéé gbé e pọ̀n.
Ẹ fẹsẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ẹ kàn án lẹ́ẹ̀kejì,
ẹ̀ẹ̀kẹta, kó ti dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn!
Ó to ọmọ kéékèèké mẹ́fà yí pápá ká,
bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lábíyá wọn:
kí èyí tó jáde tó yí wọ inú ẹ̀gẹ́, òmíràn ti wà nílẹ̀.
Mo ní, "Ìyá, eré àsápajúdé nìyí o."
Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣáà bá mi fa ilà yín kó tọ́."

Sátidé àkọ́kọ́, àwọn ará Pobẹ́ wá.
Ọ̀kan nínú wọn ṣì bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà,
Láfíà ti fọwọ́ ju bọ́ọ̀lù láti ẹnu ilé,
Ṣàbí gbà á,
ó tì í,
ó gbà á padà,
àwọ̀n mì.
Eérú tí ẹsẹ̀ wọn tú kò tíì balẹ̀.
Mẹ́rin sí ẹyọ kan! Ẹfun ṣẹ́ mọ́ akọ̀wé pátákó lọ́wọ́.
Ní ìsinmi, Ṣàbí bi gààrí rẹ̀ sẹ́yìn igi tíìkì,
ó nu ẹnu, ó padà wọlé, ó tún jẹ méjì.
Ewúrẹ́ dìde. N kò tíì rí i láti ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ṣakẹ́tẹ́.
Márùn-ún la jẹ. Mẹ́fà ni wọ́n jẹ wá.
Ilẹ̀kùn tí ọmọ ilé gbà sáré jáde,
òun náà ni àlejò gbà wọlé láìkàgò.
Nínú ọkọ̀ àjẹ́rù tó gbé wa bọ̀, Láfíà ń sunkún:
"Gbogbo yín ń sáré lọ, èmi nìkan lẹ fi ṣọ́lé."
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìyáàfin ń ṣírò nǹkan sínú ìwé.

Mo ti gbá bọ́ọ̀lù rí, èmi náà, ọwọ́ òsì, ẹ̀yìn.
Lọ́jọ́ kan mo di bọ́ọ̀lù mú títí fèrè fi dún,
Ìdòhú sì ń pè mí lápá kejì, òun nìkan, kò sẹ́ni nítòsí rẹ̀.
Ó ti kú. Kò bi mí rí.

Sátidé yìí, Ìfọ̀nyìn ń bọ̀.
Apẹ̀rẹ̀ eérú kan ló máa ń tó mi tẹ́lẹ̀.
Mo ti jọ méjì.