Èdè Tí A Ó Fi Ka Ẹja

Ní Grimsby, òjò ò rọ̀ tán, kò sì dá.
Àwa mẹ́rin jókòó sókè ilé yìnyín àtijọ́,
tíì ti tutù nínú kọ́ọ̀pù,
bísíkíìtì kan ṣoṣo ló kù
tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ kí wọ́n rí òun kó mú un.
Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀:
èdè wo ni ká fi kọ ètò tuntun
tí yóò máa ka àpótí ẹja
láti inú ọkọ̀ títí dórí ìwọ̀n?

Ṣẹ̀gilọlá fẹ́ Rọ́ọ̀sì.
Ó ní kì í gba ìranù,
yóò yẹ ìdí ìkòkò wò bí ìyá ọkọ
kó tó gbà pé o fọ abọ́.
Deirdre ní Jáfà ni tòun,
ogún ọdún lòun ti ń jẹun nídìí ẹ̀, ebi ò pa òun rí.
Èmi, kí n má purọ́,
èyí tó dé láìpẹ́ ni ojú mi ń wọ̀,
èdè kan tó mọ́ lóló bí omi àmù,
tí èèyàn bí ogójì péré ń kọ láyé,
mọ́kànlá nínú wọn sì ń bára wọn jà.

Trevor ò sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò fẹ̀yìntì.
Òun ló fi Kóbọ́ọ̀lù kọ ti àtijọ́
nígbà tí ọkọ̀ apẹja ṣì ń forí gbárí lébùúté.
Mo ka iṣẹ́ rẹ̀ lóru ọjọ́ kan,
mo bá ọ̀rọ̀ kan láàárín ìlà:
"Má yọ èyí. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe.
Mo yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹja di ọ̀fẹ́."

Ó gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀. Ó ní,
"Bó bá dákú ní aago mẹ́ta òru,
tí yìnyín ń yọ́ lábẹ́ ẹja,
ta lẹ máa pè?"

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́.
Mo ronú kan ogójì tèmi, níbi tí wọ́n ń hanrun sí.
Igi kan kì í dágbó ṣe;
igi tèmi ò tilẹ̀ tíì yọ ewé.

Deirdre ló rántí Shannon, ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì,
ilé rẹ̀ ò ju òpópónà méjì lọ,
Páítìnì ni wọ́n fi kọ́ ọ.
Páítìnì. Kò wu ẹnikẹ́ni nínú wa.
Ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ó sì ń dárí jini jù.
A kọ ọ́ sára pátákó pẹ̀lú bírò tó ń gbẹ.
Trevor mú bísíkíìtì.

Lálẹ́ mo ṣí ojú ewé òfìfo.
Ìlà àkọ́kọ́ tí mo kọ, ẹ̀rọ ò ní kà á:
"Ìwọ tí wọ́n jí lóru, pẹ̀lẹ́ o.
Ohun tí èyí ń ṣe rèé."