Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

"Lánàá, kí ni ọmọ yìí jẹ?"
Bí mo ṣe kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù nìyẹn,
mo gbé e lọ sí Fókò,
mo fi téèpù wọn apá Mùtíà.
"Ẹ̀kọ àti ẹ̀wà," ni ìyá rẹ̀ wí.
Mo fàmì sí i.

Dókítà Ọláwọyin yọ awò ojú rẹ̀:
"Ẹ̀wà ṣíbí mélòó?
Ọwọ́ mélòó ló wọnú abọ́?
Orúkọ oúnjẹ lo kó wálé."

Mo padà lọ. Òjò ń lu páànù.
Ọmọ márùn-ún yí abọ́ kan ká;
ọwọ́ Mùtíà ló ń gbẹ̀yìn débẹ̀.
Mo pa ìbéèrè kẹtàdínlógún rẹ́.
N kò tíì mọ ohun tí màá fi rọ́pò rẹ̀.