Tìmùtìmù Keje

Èmi Fadérera, l'Ẹ́sẹ̀ Òkè Olósùnta n'Íkéré,
èmi ni mo rán tìmùtìmù àga
tí wọ́n kó lọ sílé ìgbìmọ̀ l'Ádó.
Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Fóòmù líle, awọ pupa, ìṣó olórí wúrà.
Abẹ́rẹ́ gún mi látàǹpàkò, ẹ̀jẹ̀ kán sí ìkeje,
mo fi awọ bò ó.

Kí ọkọ̀ tó wá kó wọn, mo jókòó lórí gbogbo wọn,
lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò,
kí n mọ̀ bóyá wọ́n á gba ìdí èèyàn.
Wọ́n gbà á.

Lálẹ́, rédíò ń sọ̀rọ̀.
Ó ní ní Rùwáńdà, obìnrin lé ní ìdajì nílé aṣòfin;
ó ní l'Ábújá tiwa, nínú ọgọ́rùn-ún,
wọn ò pé márùn-ún.
Àbúrò ọkọ mi, tí mo ń pè ní Akọ̀wé, bú sẹ́rìn-ín:
"Tí gbogbo yín bá lọ, ta ni yóò gúnyán?"
Mo ní, "Akọ̀wé, ọwọ́ yín méjèèjì ńkọ́?"
Ó yí rédíò sí bọ́ọ̀lù.

Ọdún kẹta, ìkeje padà wá fún àtúnṣe.
Ẹni tó jókòó lé e wúwo; ó ti tẹ̀ ẹ́ bàjẹ́.
Mo tú awọ: ẹ̀jẹ̀ mi ṣì wà níbẹ̀,
ó dúdú bí kóró ìṣin.
Mo ki fóòmù tuntun, mo pe ọmọ mi, Ojúọlápé.
Ó gun orí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀.
Ó ní, "Ìyé, ó le."
Mo ní, "Mo mọ̀.
Má tíì dìde."