Ìyẹ̀fun Lọ́wọ́ Wa

Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ọwọ́ lè purọ́.
Ní kíláàsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkọ̀lé,
a jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́fà,
orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n,
àwa alátòmátò, àwa ẹlẹ́fọ̀ọ́, àwa oníbẹ́pẹ,
òórùn ìgbẹ́ adìẹ lára aṣọ wa.

Ìbírónkẹ́ ló wá láti Adó,
kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún,
bàtà rẹ̀ funfun
nínú ẹrẹ̀ àkọ́rọ̀ òjò.
Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Ó bu ìyẹ̀fun díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Fámúrewà,
ó ní, "Ẹ bọ ara yín lọ́wọ́."

Bàbá bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo bọ Abọ́sẹ̀dé lọ́wọ́.
Abọ́sẹ̀dé mú máńgòrò kan nínú agbọ̀n, ó dá a padà,
ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó pọ̀n.
Nígbà náà ni wọ́n ti fèrèsé,
Ìbírónkẹ́ wá tan tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, iná rẹ̀ dà bí aró.

Háà.
Ọwọ́ Bàbá ń tàn bí tanná-tanná.
Tèmi ń tàn. Máńgòrò ń tàn.
Ìka mẹ́rin ń tàn lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ tó sùn.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni! Ní ulé! Ní ulé ni mo ti fọ̀ ọ́!"
Bàbá ń pariwo, a ń rẹ́rìn-ín.
Ìbírónkẹ́ náà rẹ́rìn-ín.
Ó ní ìyẹ̀fun lásán ni, kò lè pa ẹnikẹ́ni.
Ó ní èyí tó ń pani kì í tàn.

Èmi ò rẹ́rìn-ín mọ́.
Ọkàn mi ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò,
sí ìsàlẹ̀ ibi tí màlúù ti ń mumi,
níbi tí mo ti ń ṣan ṣọkọ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ,
omi tó mọ́ gaara,
tí mo fi ń yangàn pé ẹ̀fọ́ tèmi kì í ní yanrìn.
Lóṣù Agẹmọ ọdún tó kọjá,
Tinúadé ọmọ ọmọ mi mú ìgbá tútù nínú agbọ̀n mi, ó jẹ ẹ́.
Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń gbé e lọ, gbé e bọ̀ láti ṣáláńgá,
títí ojú rẹ̀ fi jìn wọnú.
Ó yè. Ọpẹ́ ni.
A ní eyín ló ń hù.
Ọmọ ọdún mẹ́rin. Eyín wo?

N kò sọ ọ́ ní kíláàsì.
N kò tíì sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀.
Inú ìwé yìí nìkan ni mo kọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, Ìbírónkẹ́ wá bá wa lóko,
bàtà ti di dúdú.
Ó bá wa gbé àgbá sẹ́bàá kànga,
ó ki ọṣẹ sínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́, ó so ó mọ́ igi kòkó.
Ó ní kí ìgbẹ́ adìẹ kọ́kọ́ jóná fúnra rẹ̀ nínú òkìtì,
kó gbóná débi tí ọwọ́ ò ní lè dúró nínú rẹ̀,
kó tó kan gbòǹgbò ohun tí a ó jẹ ní tútù.
Ó ní bí a bá fọ́n oògùn kòkòrò, ká ka ọjọ́ ká tó ká.

Bàbá Fámúrewà kò mọ̀wé.
Ó so okùn mọ́ òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátò rẹ̀,
ó ń ta kókó kan ní òròòwúrọ̀.
Kókó keje kò tíì wà níbẹ̀ tí alájàpá fi dé tòun ti owó.
Bàbá na okùn sí i.
"Kà á."

Kànga jìnnà ju odò lọ.
Ẹ̀yìn ń ro mí, owó ẹ̀fọ́ kò sì lé kọ́bọ̀ kan.
Lóru, mo máa ń gbé ọwọ́ mi sókè nínú òkùnkùn
kí n wò ó.
Kì í tàn.
Mo tún máa ń dìde lọ fọ̀ ọ́.