Pátákó Mọ́kàndínlógójì

Lẹ́tà náà kò gùn. Ìlà mẹ́rin àti òǹtẹ̀ kan:
láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, àbàtà Hallasoo
kò sí lábẹ́ ààbò òfin mọ́.
Kí Leili Padrik, olùṣọ́, tú àwọn pátákó rẹ̀,
kó sì kó wọn wá sí ọ́fíìsì.
Kó má gbàgbé àwọn ìdè irin wọn. Wọ́n ṣì wúlò.

Taavet ló mú un wá, ọmọ Õie olóyin.
Ọmọ náà kò burú. Bàtà rẹ̀ ló ń wò.
Ó ní, “Màmá, wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ẹ o,
wọ́n kàn ní kò sí òfin níbẹ̀ mọ́ ni.”
Mo ní, “Ẹni tó ṣílẹ̀kùn ilé adìẹ sílẹ̀ lóru,
tó lọ sùn,
ṣé òun náà kò mọ̀ pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń jí?”
Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó lọ.

Mo wọ bàtà rọ́bà. Mo mú sípánà baba mi.
Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń rin pákó tóóró yìí
tí omi dúdú ń wò mí láti abẹ́ ẹsẹ̀.
Pátákó kìíní tú wọ́ọ́rọ́wọ́.
Èkejì ti dípẹtà, òkúta ni mo fi lù ú.
Ní ìdí ìkẹtàdínlógún, ọwọ́ mi kọ̀.
Mo jókòó. Yìnyín ń yọ́ lórí kóríko
tó rọ̀ bíi kànrìnkàn.

Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan,
ṣùgbọ́n kànga Heldur mọ ìyá tó bí i.
Heldur fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ó ti ń ka owó iṣẹ́
tí yóò gbà lọ́dọ̀ àwọn tí yóò gé ilẹ̀ yìí bíi búrẹ́dì,
tí wọn yóò dì í sínú àpò ọ̀rá,
kí òdòdó lè hù nínú ìkòkò
lójú fèrèsé ẹni tí kò mọ̀ wá rí.
Ẹgbẹ̀rún ọdún ni mítà kan rẹ̀ fi hù.
N kò dá Heldur lẹ́bi. Òrùlé rẹ̀ ń jò.

Àwọn àgùfọn kò mọ̀wé.
Wọ́n gúnlẹ̀ láàárọ̀ bíi ti èṣí,
wọ́n na ọrùn, wọ́n ń jó fún aya wọn
lórí ilẹ̀ tó di ọjà lóru àná.
Ká sòótọ́, wọn kò ka pátákó yìí rí.
Àwa ọlọ́wọ́ méjì la kọ ọ́ fún.
Àwa náà la pa á rẹ́.
Òfin tó bò wọ́n lánàá ti di ọ̀fìn lẹ́sẹ̀ wọn.

Méjìdínlógójì ni mo kó dé ọ́fíìsì.
Akọ̀wé kà á lẹ́ẹ̀mejì. “Ọ̀kan dín,” ló wí.
Mo ní àbàtà gbé e mì.

Irọ́ kọ́. Èmi ni mo tẹ́ ẹ sórí omi,
ojú rẹ̀ sókè, mo fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀
títí lẹ́tà tó kẹ́yìn fi rì.
Ohun tó bá wọ inú àbàtà yìí kì í jẹrà.
Wọ́n hú awọ màlúù kan níbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé,
irun ṣì wà lára rẹ̀.

Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé: ó sọnù.
Ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i.