Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fagi Lé

Ọjọ́ kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ní Winnipeg,
yìnyín ṣì ń yọ́ lára bàtà mi sórí kápẹ́ẹ̀tì,
wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà fún iléeṣẹ́ kan
tí wàrà rẹ̀ kó inú rírun bá àwọn ọmọdé.

Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé:
“A jẹ̀bi. Ẹ forí jì wá.”
Dórín gbé bírò pupa, ó fagi lé e,
ó kọ “Ó dùn wá” lé e lórí.
“O mọ̀wé é kọ,” ó ní,
“àmọ́ a kì í na ọrùn oníbàárà wa fún lọ́yà.”

Mo rò ó títí nínú bọ́ọ̀sì.
Nílé wa, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló ń wí pé “pẹ̀lẹ́”;
ẹni tó tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, “má bínú” ni tirẹ̀.
Níbí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni fún méjèèjì,
àárín wọn lowó wa wà.

Lọ́jọ́ Ẹtì fóònù dún, èmi nìkan ló kù.
Ìyá kan ni, láti Brandon.
Ọmọ òun ti ń jẹun padà,
òun kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ènìyàn.
Bébà tí wọ́n ní kí n kà wà níwájú mi;
mo dojú rẹ̀ bolẹ̀.
“Ẹ má bínú, mà,” lédè tí kò gbọ́.
Ó dákẹ́.
Ó ní kí n tún un sọ.