Ilẹ̀kùn Búlúù

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, tí òkùnkùn bá ti bo adágún,
Màmá Aune á wọ kóòtù lé aṣọ ìwọ̀sùn,
wọn á gbé báàgì tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju ṣíbí kan lọ,
wọn á ní, "Ó dàárọ̀ o. Mo ń relé."

Èmi ni mo máa ń dá wọn padà.
Mo ti purọ́ títí irọ́ fi tán lẹ́nu mi:
bọ́ọ̀sì ti lọ, yìnyín ti dí ọ̀nà,
ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mu kọfí.
Wọn kì í bá mi jà. Wọ́n kàn ń wò mí
bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀
tó wá ń nu ẹnu.

A gbìyànjú o. Ẹ má pè wá ní ọ̀lẹ.
A kun ògiri, a gbé òdòdó oníke sórí tábìlì,
a kọ "Ẹ káàbọ̀ sílé" gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà.
Màmá kà á. Wọ́n ní, "Ilé ta ni?"

Ilé kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ògiri.
Ilé ni ibi tí ẹsẹ̀ ti mọ àtẹ̀gùn tó ń ké,
tí ọwọ́ ń bá ìṣáná nínú òkùnkùn láìwá a,
ibi tí o ti lè bínú sí ìkòkò
kí nọ́ọ̀sì kankan má kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní Sátidé kan, Jouko ọmọ wọn wa ọkọ̀ akẹ́rù dé.
Ó ti tú ilẹ̀kùn ilé ìyá rẹ̀ ní Rääkkylä.
Búlúù ni, ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí bí èèpo igi.
Àpá èékánná ajá wà nísàlẹ̀,
ajá tó ti kú kí Jouko tó gbọ́n.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi ọ̀bẹ sàmì gíga àwọn ọmọ mẹ́ta:
ọ̀kan dúró ní ọmọ ọdún mẹ́fà,
kò ga mọ́.

Àwọn ọ̀gá ní òfin iná kò gbà á.
Wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n pe Joensuu. Wọ́n tún un wọ̀n.
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a kàn án mọ́ ògiri yàrá kẹrìnlá,
ilẹ̀kùn tí kò ṣí sí ibì kankan.

Aago mẹ́ta lù. Kóòtù. Báàgì. Ṣíbí.
Màmá di ọwọ́ ilẹ̀kùn náà mú, wọn ò fà á.
Ìka wọn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀
dé ibi ọmọ ọdún mẹ́fà,
ó dúró síbẹ̀ pẹ́.
Wọ́n wá bọ́ kóòtù, wọ́n fi í kọ́ ìṣó.

Inú mi dùn, mo sì yára sọ̀rọ̀ jù:
"Màmá, ẹ ti délé nìyẹn!"
"Òmùgọ̀," ni wọ́n wí. "Èyí kì í ṣe ilé mi.
Ṣùgbọ́n nu ẹsẹ̀ rẹ kí o tó wọlé."

Inú yàrá ni mo wà tẹ́lẹ̀.
Mo jáde, mo nu ẹsẹ̀,
mo tún wọlé.